Tó Bá Di Júláì, Kí Lọmọ Mi Máa Jẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi fírídọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú tá a fi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ tẹ̀lé ọmọ yín wá, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń gba fírídọ̀mù lónìí, ẹ kú oríire, iṣẹ́ náà á mówó wá.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọjọ́ ọ̀la. Mo jókòó lálẹ́ àná mo ń rò ó, mo rí i pé ohun tí mo fẹ́ sọ náà làwọn tó ṣáájú mi máa sọ, wọ́n á ní ẹ ṣe sùúrù, wọ́n á ní ẹ má jí símẹ́ǹtì oníṣẹ́ tà, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Èmi fẹ́ sọ èyí táwa bíríkìlà kì í sọ síta, ìyẹn ọjọ́ tó o máa lọ bá bàbá ọmọge kan pé o fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀, tí bàbá náà á wo èékánná ẹ tí símẹ́ǹtì ti jẹ tán, tó máa wo bàtà ẹ, tó máa wá bi ọmọ ẹ̀ pé ṣé èyí lo rí ni.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín náà, ó ń bọ̀ wá kàn yín.

Bàbá ìyàwó mi, hẹ́dímásítà ni, ó ti fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Wọ́n máa ń sọ pé kò sílé tí ò ní púrófẹ́sọ̀ n'Ékìtì, àsọdùn ni o, ilé tiwa ò ní, bóyá ó sì wà nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá yìí ní 1955 nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ara àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ni. Bàbá tiẹ̀ ò mọ A, iṣu ló ń gbìn. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tó wá ń bá mi sọ̀rọ̀, pé kóun tó dé sukúù, òun rò pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sáyé ló máa ń ru ẹ̀bu iṣu lọ sóko láàárọ̀. Ìwé ló gba ẹ̀bu lórí ẹ̀. Ó fi ìwé tọ́ ọmọ márùn-ún, àbíkẹ́yìn nínú wọn wá mú bíríkìlà wálé, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní bínú.

Àmọ́ lọ́dún 2010 tí mo kọ́kọ́ lọ, mi ò rò ó báyìí. Ohun tí mo rò ni pé owó ni bàbá fẹ́ rí. Mo bá lọ yá Camry ọ̀gá mi, mo yá ṣéènì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ra ìgò wáìnì kan àti páálí bisikíìtì, mo wọ aṣọ tó funfun débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ò ní kí n dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wo mọ́tò yẹn tìtì, ó padà wá, ó bi mí pé ta ló ni mọ́tò. Mo ní èmi ni sà. Ó ní, "Nọ́ńbà mọ́tò yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni ín, èmi ni mo kọ́ ọ ní Prámárì fáìfù."

Ilẹ̀ ò lanu. Èmi ni mo lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Bàbá yìí kì í sọ ẹ̀ka èdè wa nílé, Yorùbá inú ìwé ló ń sọ pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tínú bá bí i dáadáa, Èkìtì ló máa ń jáde. Ó ní, "Jáde l'ulé mi." Ulé. Mo ti mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Ó tún tẹ̀lé mi dé ojúde, níwájú àwọn aládùúgbò, ó ní òun ò bí ọmọ fún bíríkìlà, pàápàá bíríkìlà onírọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ń má bàa gbàgbé, èébú yẹn, kò yẹ kó bú mi bẹ́ẹ̀ níta, mi ò ní torí pé ó ti di àna mi kí n wá máa sọ pé ó dáa. Kò dáa. Irọ́ tèmi náà ò dáa. Méjèèjì lè wà pọ̀.

Ọmọge náà ní ká sá lọ Àkúrẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ohun tí ò jẹ́ kí n gbà kì í ṣe ìwà rere o, owó ọkọ̀ àti owó yàrá ni mi ò ní.

Ọdún tó tẹ̀lé e, òjò ńlá kan rọ̀ tó wó ògiri ọgbà bàbá sílẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Ẹ mọ ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, ìlú tí Olósùnta àti Òròlé dúró tì bí ẹ̀ṣọ́, o máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, o ò tíì gbẹ́ ẹ dórúnkún tí àpáta á ti máa dá ẹ lóhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ ògiri yẹn, àpáta ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti mọ ọ́n lé erùpẹ̀. Mo gbọ́, inú mi dùn, kí Ọlọ́run má bínú. Mo ní ọ̀nà ti là. Mo kó ọmọ iṣẹ́ méjì, mo lọ bẹ Màmá, Màmá bá mi bẹ bàbá, mo gbẹ́ ìpìlẹ̀ yẹn títí mo fi dórí àpáta gangan, mo da kọ́ńkéré sí i, mo fi búlọ́ọ̀kù onínínsì mẹ́sàn-án mọ ọ́n, ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ì mọ ògiri tó dúró bíi tìyẹn rí láyé mi.

Bí mo ṣe parí, bàbá jáde pẹ̀lú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ó ní èló. Mo ní ah, Bàbá, kò sí nǹkan kan, iṣẹ́ ilé wa ni. Ó ní, "Mo bi ọ́ pé èló." Ó ka ₦12,000 fún mi, ó ní kí n kọ risítì kí n sì sáìn ín. Ó wá ní, "Má fi búlọ́ọ̀kù ra ọmọ mi."

Màmá ló sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà yẹn pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá so òkúta mọ́ okùn, ó na án lára ògiri yẹn bí àwa náà ṣe máa ń fi irin ṣe é, ó yẹ̀ ẹ́ wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rí i pé ó dúró ṣánṣán. Kò sọ nǹkan kan, ó wọlé lọ mu tíì.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù tí bàbá sọ yẹn dùn mí, ó dùn mí ju ti ọjọ́ mọ́tò lọ, torí lọ́jọ́ mọ́tò mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ti ògiri, iṣẹ́ mi ni, òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo lọ sọ fún bàbá bàbá mi, wọ́n ṣì wà láyé nígbà yẹn, wọ́n ti dàgbà gan-an. Ibi tí mo ti kọ́ nǹkan tí mo wá sọ fún yín lónìí nìyẹn.

Wọ́n ní láyé àwọn, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ, ó máa kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ, wọ́n á lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ọmọ, wọ́n á lọ kọ ebè. Igba ni wọ́n fi ń ka ebè, igba kan, igba méjì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́nnu ẹ lè dé igba mẹ́wàá. Tí ilé àna bá sì fẹ́ ìtúnṣe, ẹ̀yin náà ni, ẹ máa po amọ̀, ẹ máa mọ ọ́n ní ìpele, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn lé e, ẹ máa lọ já ewé gbọ́dọ̀gì fún òrùlé. Inú mi wá dùn, mo ní ṣé ẹ rí i, àwa bíríkìlà gan-an la bẹ̀rẹ̀ àna ṣíṣe! Mo ní ṣebí ohun tí mo ṣe nìyẹn, kí ló dé tí bàbá yìí ò gbà.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọjọ́ mélòó lo lọ?"

Mo ní mẹ́ta.

Wọ́n ní ọdún mẹ́rin làwọn fi lọ sóko àna àwọn. Ọdún tí òjò dá, àwọn lọ. Ọdún tí àwọn fúnra àwọn ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n àwọn ló kó èèyàn lọ. Wọ́n ní, ebè kọ́ ni bàbá ọmọ ń kà. Kí ló fẹ́ fi igba ebè ṣe, ẹni tó ní ọmọkùnrin mẹ́fà nílé? Ó ń wò ọ́ ni. Ó ń wò ọ́ nígbà tí oúnjẹ bá pẹ́, ó ń wo bó o ṣe ń bá àwọn tó o kó wá sọ̀rọ̀, ó ń wò bóyá ọdún kejì ẹ á dà bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rò ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà látọjọ́ yẹn. Oko àna ti tán. Bàbá ìyàwó ò lóko mọ́, pẹ́nṣàn ló ń gbà, tó bá tiẹ̀ ń dé. Kò síbi tó ti lè rí ẹ fún ọdún mẹ́rin. Ohun tó lè rí ni aṣọ tó o wọ̀ wá fún wákàtí kan, àti sátífíkéètì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń béèrè dígírì o, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣakọ, sátífíkéètì ni oko àna tó kù, ó kéré tán ó fi hàn pé ọmọ yìí jókòó síbì kan fún ọdún mẹ́rin kò sá. Àwa tí ò ní in, kí la fẹ́ fi hàn? Ìdọ̀bálẹ̀? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tiẹ̀ ti sọ ìdọ̀bálẹ̀ di fídíò, alága á ní ẹ lọ sílẹ̀, ẹ dìde, ẹ tún lọ sílẹ̀, ogún èèyàn nínú aṣọ kan náà, káàmẹ́rà ń ká a, bàbá ìyàwó jókòó ó ń wò bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ó dùn-ún wò, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.

Ọmọge mi ló yanjú ẹ̀, èmi kọ́. N.C.E. ló ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà n'Íkẹ́rẹ́ níbí nígbà yẹn. Ó ra nótúbúùkù kan fún mi, ó ní, "Bàbá mi ò gba ẹnu gbọ́. Ìwé ló gbà gbọ́. Kọ ara ẹ sílẹ̀." Mo ní kí ni mo fẹ́ kọ. Ó ní gbogbo owó tó bá wọlé, gbogbo owó tó bá jáde, látọjọ́ kìíní Jánúárì, má fo ọjọ́ kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì rí ìtìjú, àfi tẹ́ ẹ bá kọ owó yín sílẹ̀. Mo rò pé mo jẹ́ èèyàn tó ń gbìyànjú, ìwé ní irọ́ ni. Fébúárì tí ẹ̀ẹ̀rùn mú tí gbogbo èèyàn ń kọ́lé, ₦41,500 wọlé, mi ò mọ ibi tó gbà jáde. Àjọ ₦500 lọ́sẹ̀, òògùn ìyá mi, owó ọ̀kadà, bíà. Mo kọ bíà síbẹ̀. Mo kọ ₦5,000 tí mo yá lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo sì ń sá fún un, ojú ewé yẹn, mo fẹ́ ya á, mo dì í mú lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fi í sílẹ̀. Júláì tí òjò ò jẹ́ ká ṣe nǹkan kan, ₦6,200. Odindi oṣù.

Jánúárì 2013 mo mú un lọ. Mo wọ ọkadà lọ, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń wọ lọ sí sọ́ọ̀ṣì. Mi ò mú wáìnì. Mo kí bàbá, mo ní, Bàbá, mi ò wá tọrọ ọmọ, mo ní kẹ́ ẹ bá mi wo ìwé yìí ni. Ó gbà á bí ẹni gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ VIO. Ó wọ awò. Ó ṣí i.

Lójú ewé kẹta, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, ó mú báírò pupa.

Ọlọ́run ń gbọ́, bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì! Ó fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti ṣe ìròpọ̀ tí kò bára mu, ó fi tíìkì sí èyí tó dáa, ó yí òǹkà bíà ká, ó kọ "KÍ NÌYÍ?" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó bí ọmọ Prámárì tuù. Màmá gbé iyán wá, ó ní kí wọ́n gbé e dúró. Nígbà tó dé ojú ewé gbèsè, ó dúró. Ó kà á, ó tún un kà, ó wò mí lókè awò. Kò fa ìlà kankan síbẹ̀. Ó ṣí i lọ.

Ó wá dé Júláì. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní lọ́dún 2011, ìjọba ti sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦18,000, ó ní mẹ́séńjà tó ń gbé fáìlì, tí ò mọ nǹkan kan, bí òjò rọ̀ bí òjò ò rọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ ní ₦18,000. Ó ní, "Fébúárì rẹ dára ju ti mẹ́séńjà lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tó bá di Júláì, kí lọmọ mi máa jẹ?"

Mi ò ní ìdáhùn. Mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run á ṣe é, mo rí báírò pupa, mo dákẹ́.

Ó ní, "Lọ ṣe kọrẹ́kíṣọ̀n, kí o mú un padà wá."

Mú un padà wá. Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé, mi ò mọ ìgbà tí mo délé.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí Júláì ti wá. Màmá ló sọ ọ́. Bàbá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó fẹ́ ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan, àtìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yìí á kó ọmọ wálé wá jẹun, ọdọọdún, tí wọ́n fi ń pín abọ́ bàbá tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, òun ni mo ń jẹ́jọ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí. Ẹ fi í sọ́kàn, bàbá tó lé yín, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ẹ̀yin ló ń lé.

Kọrẹ́kíṣọ̀n wo la fẹ́ ṣe sí òjò? Mo rò ó títí, mo rí i pé iṣẹ́ tí òjò kì í dá dúró ni èyí tó wà lábẹ́ òrùlé. Táìsì. Ẹni tó mọ táìsì í lẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́ nígbà yẹn ò pọ̀, mo lọ Adó, mo lọ bá ọmọ kan tí iṣẹ́ ẹ̀ dáa lápá Fajuyi. Ọmọ ọdún 22 ni. Èmi ti pé 30. Mo ń pè é ní ọ̀gá, mo ń ra oúnjẹ fún un, mo ń po gọ́ọ̀mù táìsì, ó ń rán mi lọ ra kaadi fóònù, níwájú àwọn tó mọ̀ mí sí ọ̀gá bíríkìlà. Oṣù mẹ́fà, Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè ní Adó, tó bá di Tọ́sìdeè mo padà wá mọ búlọ́ọ̀kù kí ebi má pa mí. Gbogbo ìparí oṣù mo ń mú ìwé lọ fún bàbá. Ó ń máàkì, kì í sọ̀rọ̀. Lóṣù Mee ó bi mí pé kí ni owó mọ́tò Adó yìí, mo sọ fún un. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọ̀hún. Mo sọ. Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí Màmá gbé iyán wá, ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jọ jẹun.

Júláì 2013, ₦26,800. Mo gbé e síwájú ẹ̀, ó fi tíìkì pupa sí i. Kò yí i ká. Ó de báírò ẹ̀. Ó ní, "Mú àwọn èèyàn rẹ wá."

Ìdána, mi ò ní fi gba àsìkò yín, ẹ mọ bó ṣe ń rí, iṣu 42, obì, orógbó, ataare, oyin, àwọn alága jẹ owó wa dáadáa. Owó orí, bàbá dá a padà fún àwọn èèyàn mi, ó ní àwọn kì í ta ọmọ. Mo ronú nípa risítì ₦12,000, ẹ̀rín pa mí, ìyàwó mi gbá mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọ kan ń nawọ́. Ó ní, ọ̀gá, tí bàbá tiẹ̀ bá jẹ́ pé owó ló fẹ́ ní tòótọ́ ńkọ́, tí lísìtì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí jẹnẹrétọ̀? Ọmọ mi, wọ́n wà, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Nótúbúùkù ò ní ṣiṣẹ́ fún irú wọn. Ìwọ àti ọmọbìnrin yẹn lẹ máa jókòó sọ ọ́, kó o sì wò bóyá òun náà ti ń ka jẹnẹrétọ̀ mọ́ bàbá ẹ̀.

Màmá tó wà lẹ́yìn yẹn ní kí ni bàbá ń pè mí báyìí, ṣé ó ti ń pè mí lọ́mọ. Rárá o, mà. Kò pè mí lọ́mọ rí. Bíríkìlà ló ń pè mí ní ojúde ẹ̀ lọ́jọ́sí, Bíríkìlà náà ló ń pè mí títí dòní, níwájú àwọn ọmọ mi pàápàá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà wá kí i láti Ìjerò, ọkùnrin yẹn ń wo ògiri ẹ̀yìn, èyí tí mo mọ ní 2011, ó ní ògiri yìí le o, ta ló bá ọ ṣe é. Mo wà nínú ilé, mo ń gbọ́. Bàbá ní, "Bíríkìlà mi ni."